Ẹ̀yin Wizkid FC àti 30BG Ìtòkú, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin olólùfẹ́ Wizkid (Wizkid FC) àti ti Davido (30BG), ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ìyá aláàdìrẹ n'Ítòkú l'Ábẹ́òkúta ni, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà síbi tẹ́ ẹ ti ń gbá gémù yẹn, gbogbo ariwo yín ni mò ń gbọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbá gémù o, inú mi máa ń dùn tẹ́ ẹ bá pé jọ síbẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ló tiẹ̀ là mí lóye pé FIFA tẹ́ ẹ ṣì ń pè é yẹn, wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ sí EA Sports FC láti 2023.

Ohun tó dùn mí ni tọjọ́ Sátidé. Ọmọkùnrin méjì tó ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan láti pámárì, ìkan ní Wizkid, ìkejì ní Davido, ọ̀rọ̀ di èébú, èébú di ẹ̀ṣẹ́, páàdì tí wọ́n fi ń gbá gémù fò mọ́ ògiri ó fọ́. Látọjọ́ yẹn, tí ìkan bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ìkejì á gbójú sápá kan. Wizkid ò mọ̀ wọ́n. Davido náà ò mọ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ní 1982, ọ̀rẹ́ mi kan wà tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ aró lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, aró ti wọ èékánná wa tí ọṣẹ ò ràn án mọ́. Èmi ti Barrister ni mò ń ṣe, òun ti Kollington, olórin fújì làwọn méjèèjì. Nígbà yẹn àwọn méjèèjì ń sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, àwa tá à ń gbọ́ ọ náà wá ń gbèjà. Lọ́jọ́ ìkómọ kan l'Ádátán, ó ní ohùn Barrister ti há, mo bá fa ìborùn ẹ̀ ya. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni o! Ìyẹ́ adìẹ ló fi kọ ọ́ fúnra ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹyẹ wà níbẹ̀, ewé ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ bó ṣe ya létí mi.

A ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ mẹ́rin ló bí, mi ò jẹ ìrẹsì ìkómọ ìkankan. Barrister àti Kollington parí ìjà tiwọn, àwa ò parí tiwa. Ìgbà tí Barrister kú ní December 2010, mo wò yíká, kò sẹ́ni tí mo lè bá sunkún ẹ̀ tó máa yé, àfi òun. Mo lọ bá a nílé. Ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ó wò mí, ó ní "Barrister ẹ ti lọ o," la bá bú sẹ́kún. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n!

Ẹ máa jiyàn, adùn ẹ̀ náà nìyẹn, ẹ sọ pé orin tèyí dùn ju tìyẹn lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ tó bá ti fẹ́ dèébú, ẹ dìde, ẹ lọ mu omi. Ẹ ṣáà ti wo sinimá Ayinla tí Tunde Kelani ṣe ní 2021, ẹ mọ̀ pé ìjà ilé ọtí ló pa Ayinla Omowura, olórin àpàlà, nílùú wa níbí ní May 1980.

Ẹ̀yin méjèèjì tí mò ń bá wí, ẹ mọ ara yín. Mo ti ra páàdì tuntun, ó wà lábẹ́ tábìlì mi. Ẹ jọ wá gbà á lọ́jọ́ Sátidé. Tí ẹnì kan bá dá wá, mi ò ní gbé e fún un.