Káàdì Wi-Fi Náà Ò Kú

Kubwa, Àbújá
Ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, 2025

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa? Bàbá wọn ńkọ́? Ọyẹ́ ti ń yọjú lọ́dọ̀ tiwa, eruku ò jẹ́ ká rímú mí.

Mo gba ìmọ̀ràn ẹ. Nígbà tí Microsoft dá àtúnṣe Windows 10 dúró lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹwàá, tí láptọ́ọ̀pù mi sì ti dàgbà jù fún Windows 11, mo ní n ò ní tìtorí ìyẹn wọ gbèsè. Mo fi Ubuntu 24.04, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ dípò Windows, sí i. Ṣùgbọ́n o ò sọ gbogbo ẹ̀ fún mi o!

Ojú rẹ̀ ń dán, ohùn ń jáde, Wi-Fi ni ò sí. Kì í ṣe pé kò rí nẹ́tíwọ̀kì. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ní Wi-Fi lára. Mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó pòṣé, ó ní, "Àǹtí, káàdì yìí ti kú." Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ló fẹ́ fi ta òmíràn fún mi. Káàdì tí mo fi wo fídíò lánàá òde yìí! Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo tẹ lspci -nnk, àṣẹ tó ń to àwọn ohun èlò inú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Láàárín ìlà rẹpẹtẹ tó tú jáde, mo rí káàdì Wi-Fi mi: BCM43142, [14e4:4365]. Òkú kì í dárúkọ ara ẹ̀, àbí? Ṣùgbọ́n lábẹ́ àwọn yòókù ni wọ́n kọ "Kernel driver in use" sí; lábẹ́ tiẹ̀, òfìfo. Driver yẹn ni ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ohun èlò kan. Mọ́tò wà ní gáréèjì, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ pé, dẹ́rẹ́bà ni ò sí. Dẹ́rẹ́bà irú káàdì yìí ò sí lára kernel, ìyẹn ọkàn Ubuntu, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń pè é wá. Nígbà tí mò ń fi Ubuntu sí i, ó bi mí bóyá kó gbé irú wọn wọlé, mo fò ó kọjá torí mò ń sáré kí wọ́n tó mú iná lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

bcmwl-kernel-source lorúkọ dẹ́rẹ́bà tí mo nílò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, íntánẹ́ẹ̀tì náà ni mo sì ń wá! Fóònù ló yọ mí. Mo fi wáyà so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo tan USB tethering kí íntánẹ́ẹ̀tì fóònù lè gba inú wáyà wọlé, kíá ni Ubuntu gbà á láìbéèrè dẹ́rẹ́bà kankan. (Wáyà àkọ́kọ́, èyí tí mo rà létí títì, ó mọ̀ ọ́n ṣájì nìkan ni.) Mo wá tẹ sudo apt update, lẹ́yìn náà sudo apt install bcmwl-kernel-source.

Ibí ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní kí n yan pásíwọ́ọ̀dù kan nítorí Secure Boot, ẹ̀ṣọ́ tí kì í jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà tí kò ní òǹtẹ̀ tó mọ̀ wọlé, mo yan èyí tó wá sí mi lẹ́nu. Bí mo ṣe tún un tàn báyìí, ojú rẹ̀ di búlúù pátápátá. Ẹ̀rù bà mí, mo tẹ Continue boot. Wi-Fi ò sí síbẹ̀! Mo tẹ sudo modprobe wl láti pe dẹ́rẹ́bà náà (wl lorúkọ ẹ̀) wọlé, ó dá mi lóhùn: "Key was rejected by service." Àṣé ojú búlúù yẹn gan-an lẹnu ọ̀nà. Enroll MOK, ìyẹn fífi orúkọ kọ́kọ́rọ́ òǹtẹ̀ sílẹ̀, ló yẹ kí n yàn níbẹ̀, kí n fi pásíwọ́ọ̀dù náà sí i, kí kọ̀ǹpútà lè gba òǹtẹ̀ dẹ́rẹ́bà yẹn gbọ́. Kí ojú búlúù náà lè padà wá, mo tẹ sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der, mo yan pásíwọ́ọ̀dù mìíràn, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ mi, mo tún un tàn, mo yan Enroll MOK lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó fi máa gbé ojú padà, orúkọ Wi-Fi gbogbo ará àdúgbò ti tò sílẹ̀.

Ohun kan ló kù. Tí mo bá pa ìdérí ẹ̀ dé tí mo tún ṣí i, Wi-Fi á ti lọ, àfi kí n tẹ sudo modprobe -r wl láti lé dẹ́rẹ́bà náà jáde, kí n tún tẹ sudo modprobe wl láti pè é padà. Bá mi bi bàbá àwọn ọmọ bóyá ọ̀nà wà tí yóò fi máa ṣe é fúnra ẹ̀. Kí o sì ya fọ́tò yìnyín iwájú ilé yín ránṣẹ́. Àbúrò mi ní irọ́ ni mò ń pa.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́