Èbù Iṣu ní Tampa Bay

St. Petersburg, Florida

Rẹ̀mí ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara Màmá ti ń le? O bi mí pé kí ló dé tí mo ṣì ń tẹ̀lé Rays, ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ kí àgbà ọ̀jẹ̀ rẹ̀ máa lọ.

Níbí, tí agbábọ́ọ̀lù bá ti lo ọdún mẹ́fà ní líìgì àgbà, tí kò sì sí àdéhùn tuntun, ó lè lọ síbi tó bá wù ú. Àwọn ẹgbẹ́ olówó bíi Yankees àti Dodgers ní owó tí wọ́n lè fi dá a dúró, Rays kò ní in. Nítorí náà, kí àkókò yẹn tó pé, wọ́n á fi í ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn ọmọ tó ṣì wà ní líìgì kékeré ni wọ́n sábà máa ń gbà dípò rẹ̀.

Ní 2003, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọ̀dọ́ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, Rays mú Delmon Young, òun sì ni ọ̀dọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní 2007 wọ́n fi í gba Matt Garza. Garza yìí ló ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi borí Boston ní 2008, tí Rays fi dé àṣekágbá nígbà àkọ́kọ́. Ní 2011 Garza lọ, Chris Archer dé. Ní 2018 Archer lọ, Tyler Glasnow, Austin Meadows àti Shane Baz dé. Ọmọ ọdún 19 ni Baz nígbà náà! Glasnow wà níbẹ̀ ní 2020 nígbà tí wọ́n tún dé àṣekágbá, tí Dodgers sì lù wọ́n. Dodgers yìí náà ló gba Glasnow ní 2023, Ryan Pepiot sì wá.

Ó lé ní ogún ọdún, láti ara ẹnì kan ṣoṣo. O rántí bí bàbá mi ṣe máa ń mú iṣu tó dára jù, tí a ti ń fojú sọ́nà láti jẹ, tí wọ́n á gé e sí èbù? Ohun tí Rays ń ṣe nìyẹn.

Síbẹ̀, ó máa ń dùn mí. Randy Arozarena, ọmọ Kúbà, gbá home run 10, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fò kọjá odi pápá, nínú ìdíje ìkẹyìn ọdún 2020, láti ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ dé àṣekágbá. Kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù keje 2024 wọ́n fi í fún Seattle. Ọmọbìnrin mi kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, jẹ́sì Arozarena ló wọ̀ sùn.

Lára àwọn ọmọ tó wá dípò rẹ̀ ni Aidan Smith àti Brody Hopkins. Èmi àti ọmọ mi jọ ń wá orúkọ wọn nínú èsì líìgì kékeré ní alaalẹ́.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́lá