Ẹ Má Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ẹni Tí Abẹ́rẹ́ Kò Tíì Kàn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí. Ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2021, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, tàbí èsì àyẹ̀wò PCR (èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kòrónà wà lára èèyàn) tí kò tíì ju wákàtí 72 lọ, kò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì. Mo ti gba abẹ́rẹ́ tèmi lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì sí lára àwọn tó ń sọ pé gílóòbù máa ń tàn bí wọ́n bá gbé e lé ojú ibi tí wọ́n ti gún èèyàn. Ohun tí mo rí lẹ́nu géètì wa ní Ìbàdàn ló mú mi kọ̀wé.

Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ ní àjà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dé ní aago méje kọjá díẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n mú káàdì wá, wọn kò ní in. Wọ́n ṣàlàyé pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ti lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò àwọn: lákọ̀ọ́kọ́, abẹ́rẹ́ ti tán, lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó wá gba ẹlẹ́ẹ̀kejì nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn, lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní èèyàn mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, àwọn kò sì lè torí èèyàn mẹ́rin ṣí ìgò tó wà fún mẹ́wàá. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni jíìpù ọ̀gá kan dé, tí gíláàsì rẹ̀ dúdú kirikiri. Ẹ̀ṣọ́ kan náà sáré gbé irin ọ̀nà sókè, ó bẹ́rí, kò béèrè ohunkóhun. Àbí kòrónà kì í gun jíìpù ni?

Àwọn kan á ní kí ìyá náà lọ ṣe àyẹ̀wò. Lọ́dún 2021, owó àyẹ̀wò PCR nílé àyẹ̀wò aládàáni ju ₦30,000 tí òfin pè ní owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà náà, ọjọ́ mẹ́ta péré sì ni èsì rẹ̀ ń lò.

Kí àṣẹ yìí tó dé ni Obaseki, tó jẹ́ gómìnà Ẹdó nígbà náà, ti kéde pé ẹni tí kò bá gba abẹ́rẹ́ kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí tàbí báńkì, Oǹdó náà sì tẹ̀ lé e. Títí di oṣù Kejìlá ọdún 2021, iye àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́ pé nínú àwa ọmọ Nàìjíríà kò tíì tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá náà, wọ́n kó abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó lé ní mílíọ̀nù kan dànù l'Abùjá nítorí pé ọjọ́ wọn ti kọjá. Ìjọba ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó ló fi wọ́n ránṣẹ́ nígbà tí ọjọ́ wọn ti fẹ́ẹ̀ tán. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan náà kò lè máa da abẹ́rẹ́ nù, kí ó tún máa lé ẹni tó wá a tí kò rí i padà sílé.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n gbé kúlà abẹ́rẹ́ wá sẹ́nu géètì, kí wọ́n gún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ dá padà níbẹ̀, kí ó sì wọlé lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n sì máa wo káàdì ẹni tó wà nínú jíìpù kí wọ́n tó gbé irin ọ̀nà sókè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Ìbàdàn.