Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi tó ní kí n ta àwọn kámẹ́rà kéékèèké

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ Èkó o. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ lórí fóònù: pé ayálégbé ń bọ̀ ní yàrá iwájú l'Ókè-Fíà, pé kí n kó "ohun ìṣeré" mi fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Ti yàrá, mo gbà. Ó máa ṣófo kí oṣù tó parí. Ti kámẹ́rà ló kù tí a ó sọ.

Àwọn Hit tí wọ́n ṣe ní Japan lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ gbé wọn lọ. Fótò wọn kì í mọ́lẹ̀, fíìmù wọn tó fẹ̀ ní mílímítà 17.5 sì ti di àwátì. Kiev 30 tí wọ́n ṣe ní Ukraine nígbà ìjọba Soviet náà, ẹ lè tà á, bó tilẹ̀ dùn mí díẹ̀. Ẹ ṣáà sọ fún ẹni tó bá rà á pé kó má fi í sínú àpò awọ rẹ̀. Ẹ mọ òjò Òṣogbo. Awọ á fa omi, èéhù á sì hù sí lẹ́ǹsì.

Ṣùgbọ́n Minox méjèèjì, rárá o.

Riga, olú ìlú Latvia, ni wọ́n bí Walter Zapp tó ṣe é sí, ní 1905. Ní Riga kan náà ni ilé iṣẹ́ VEF ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1938. Ọ̀kan nínú ti ìgbà yẹn ni tèmi, irin tí kì í dípata, ó wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Nígbà tí àwọn Soviet gba Latvia ní 1940, wọ́n yọ orúkọ Latvia kúrò lára èyí tí wọ́n ń ṣe, wọ́n kọ USSR sí i. Lẹ́yìn ogun ni iṣẹ́ náà bọ́ sí Jámánì. Ibẹ̀ ni Minox B, èkejì mi, ti jáde ní 1958. Ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ láìlo bátìrì, tèmi sì ń wọ̀n ọ́n títí dòní.

Ẹ tún ń pè mí ní amí. Kò burú. Lóòótọ́, John Walker, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tí wọ́n mú ní 1985, Minox ló fi ya ìwé àṣírí fún Soviet. Ẹ̀wọ̀n tó wà lára Minox, ṣéènì rẹ̀, ló jẹ́ kó rọrùn. Kókó wà lára ẹ̀wọ̀n ọ̀hún, àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ̀ntímítà 20, gbogbo gígùn rẹ̀ jẹ́ 60. Ẹ óò na ẹ̀wọ̀n dé orí ìwé, ẹ óò yí nọ́ńbà lẹ́ǹsì bá a mu, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ya rìsíìtì ilẹ̀ Bàbá kí ikán tó jẹ ẹ́. Èyí tí ẹ fi hàn lọ́yà yẹn, inú nẹ́gẹ́tífù tí kò tó èékánná àtàǹpàkò ló ti wá: mílímítà 8 sí 11. Ẹ ò bi mí nígbà náà.

Ti fíìmù wá ńkọ́? Fíìmù mílímítà 35 lásán ni mo ń là. Káfíńtà kan bá mi gbẹ́ igi, a to abẹ fẹ́lẹ́ mẹ́ta sínú rẹ̀. Nínú òkùnkùn biribiri ni n óò fa fíìmù kọjá. Etí méjèèjì tó ní ihò á ya sọ́tọ̀, ilà méjì tó fẹ̀ ní mílímítà 9.2, ìwọ̀n ti Minox, á bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ojú ò wúlò níbẹ̀, ìka ló ń ríran. Bí wọ́n bá mú iná lálẹ́, gbogbo àdúgbò á máa ṣépè, èmi á máa dúpẹ́.

Bí mo bá mú un lọ sí Ọjà Ọba, tí mo sì tọrọ àyè, ẹnikẹ́ni kì í fi ìborùn bojú bí wọ́n ṣe ń ṣe sí fóònù. Ìyá aláta kan tiẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń fà á, ó ń tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tó fà á tó sì tì í ni fíìmù ń sún, mo sì ń wò ó.

Bí ẹ bá ń bọ̀ wá ṣọdún Òṣun lóṣù kẹjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra fíìmù 35 aláwọ̀ dúdú àti funfun méjì. Ẹ yọ owó rẹ̀ nínú owó Hit.

Àbúrò yín l'Óṣogbo