Ìwé Ẹ̀bẹ̀ lórí Tòmátò Wa Tó Rà sí Ẹnu Géètì Ọjà

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, àti Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ọjà

Ẹ̀yin bàbá wa,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìgbà yín tu ìlú lára. Àwa ẹgbẹ́ alátòmátò àti aláta ló ń kọ̀wé yìí, àwa tí kò sí ìkòkò ọbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ yìí tí ata rẹ̀ kò ti ọwọ́ wa kọjá. Nígbà ìbò, inú ọjà wa lẹ ti kọ́kọ́ ṣe ìpolongo, Ìyálọ́jà wa ló sì gbàdúrà fún yín. A ò fi ìyẹn ṣe ìrègún.

Ọ̀rọ̀ òfin pé kí fóònù ka kóòdù ara apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹrù tó wọ ọjà, àti ohun tó fi ojú wa rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ló gbé wa wá. Ọkọ̀ wa méjì dé láti Kánò ní aago mẹ́rin ìdájí, apẹ̀rẹ̀ 460 ló wà nínú wọn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ti ká a lóko. Ẹni tó bá mọ tòmátò mọ̀ pé ó ṣì ń mí lẹ́yìn tí a bá já a. Bó ṣe ń mí ló ń gbóná, bó ṣe ń gbóná ló ń rọ̀.

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu géètì ní òun kò lè ṣí i àfi kí fóònù òun ka kóòdù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. A rí i tó na fóònù sókè, tó gun orí búlọ́ọ̀kù, tó tún sọ̀kalẹ̀. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi máa dé lọ́sàn-án, omi tòmátò ti rẹ bébà kóòdù, fóònù kò rí nǹkan kà. Wọ́n ní ká lọ gba òmíràn ní ọ́fíìsì, ₦200 lórí apẹ̀rẹ̀ kan. Ọ́fíìsì ti tì. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó ṣí géètì.

Ẹ̀yin bàbá wa, omi pupa ń kán láti ìdí ọkọ̀ sórí títì, eṣinṣin bò ó. Nígbà tí a tú àwọn apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀, ṣe ni ọwọ́ wọnú wọn bí ẹni tọwọ́ bọ ọbẹ̀. Nínú 460, apẹ̀rẹ̀ 71 ló ṣeé tà, èṣà la sì tà wọ́n. Akápò wa, obìnrin tí kì í tètè sunkún, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Owó àjọ ló fi rajà. Wọ́n tún wá bu owó ìtanràn lé wa pé ọkọ̀ wa dí ọ̀nà. A san án, torí a bọ̀wọ̀ fún ìjọba.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé a kò fẹ́ ẹ̀rọ. Kí òfin yìí tó dé la ti ń fi WhatsApp gba fídíò oko láti Kánò, tí awakọ̀ ń fi ibi tó dé ránṣẹ́ sí wa láti Jẹ́bà títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rọ tí a ń fẹ́ ni èyí tí wọ́n ń gbé sínú ọkọ̀, tó ń wọn ooru, tó lè ta wá lólobó pé ọkọ̀ ti dúró sójú kan láti àárọ̀. Tòmátò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n fẹ́ ibi tó tutù bíi 13 dígírì. Inú ọkọ̀ wa lọ́sàn-án kò sún mọ́ ọn rárá. Ẹ̀rọ ẹnu géètì kò wo ooru, kò béèrè ọjọ́ tí wọ́n ká a. Iye apẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń kà, kí wọ́n lè mọ iye tí àwa máa san. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá le, ẹ dárí jì wá, inú ń bí wa ni.

A bẹ̀ yín, kí ẹrù máa wọlé ná, kí wọ́n máa kà á nínú ọjà. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n gbé e sórí fóònù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Kí wọ́n fi ike ṣe kóòdù náà. Kí ẹ dá owó ìtanràn padà, kí ẹ sì ṣàánú àwọn tó ni ẹrù tó bàjẹ́. Gọ́tà tó dí àti ilé ìgbẹ́ tí wọ́n tì pa, ẹ bá wa wò ó pẹ̀lú.

Ẹ rántí ìparí oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí àwọn oníṣòwò Òkè Ọya dáwọ́ kíkó oúnjẹ wá sọ́dọ̀ wa dúró. Ẹ̀yin náà mọ bí ọbẹ̀ ṣe rí nílé nígbà yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ti ń sọ pé kí ọkọ̀ máa lọ já ẹrù sí ọjà míì, kí a ti ìsọ̀ wa pa. Àwa àgbà la ṣì ń dì wọ́n mú. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa ṣèpàdé. A fẹ́ ka èsì yín sí wọn létí lọ́jọ́ náà.

Àwa ọmọ yín,
Ìyálọ́jà, Akọ̀wé àti Akápò, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́