Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ti tálákà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Peckham ní London ni mò ń gbé. Tí sọ́mà bá ti dé báyìí, tí ilẹ̀ kì í ṣú títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ á fi kọjá, Burgess Park lẹbí wa máa ń kóra jọ sí, ẹ ó rí kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù ráìsì, ẹran sísun ń ta sánsán, àwọn ìyá àgbà á jókòó sábẹ́ igi, àwọn ọmọ á máa sá kiri, ó máa ń dùn gan-an.

Àmọ́ lọ́dún yìí mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan. Ọ̀nà kan wà látinú páàkì yẹn dé ẹ̀gbẹ́ láíbìrì Peckham, ibi tí omi Surrey Canal ń gbà láyé ọjọ́un kí wọ́n tó dí i, mọ́tò kì í gba ibẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo di bíréèkì mú pinpin, ọmọ mi ń pariwo lẹ́yìn pé "Mọ́mì, ẹ má wolẹ̀, iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò!"

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn èèyàn wa ń wò mí bíi pé ìyà ló ń jẹ mí, àǹtí kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé mọ́tò mi ti bàjẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, àtọdún 2010 ni wọ́n ti ń háyà kẹ̀kẹ́ láàárín ìlú London, àwọn tó wọ súùtù lọ sọ́fíìsì ń gùn ún. Ẹ bá mi sọ fáwọn ìyá ẹgbẹ́ mi kí wọ́n jáde wá, àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń lọ, kí oòrùn tó mú.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, Peckham