Ibú Ní, "Kò Sí Nínú Mi"

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí a lọ bá ẹbí kan ṣọ̀fọ̀ ẹni tí ayé rẹ̀ kúrú, ni mo ti mọ̀ pé n kò ní lè lò ó. Ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ; ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò pàdánù ohun kan, kí ó má sì ṣe wádìí rẹ̀ lọ sí ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé Jóòbù, orí 28.

Ọ̀rọ̀ awakùsà ni orí náà fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní fàdákà ní ibi tí a ti ń wà á, wúrà sì ní ibi tí a ti ń yọ́ ọ. Pé ènìyàn a máa fi òpin sí òkùnkùn, a máa hú òkè láti gbòǹgbò, a sì máa dé ipa ọ̀nà tí ojú àṣá kò rí rí. Àwa ará Òṣogbo kò nílò alálàyé níbí, nítorí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti ń wa wúrà kò jìnnà sí wa, a sì ń fojú ara wa rí àwọ̀ tí omi Ọ̀ṣun ti dà. Ẹ kíyèsí i pé ẹsẹ̀ 11 gbáko ni Jóòbù fi ròyìn iṣẹ́ awakùsà, kò sì bú u lẹ́ẹ̀kan, kò ní kí ó sọ ṣọ́bìrì rẹ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí ó ròyìn tán ni ó tó béèrè ní ẹsẹ̀ 12 pé, ọgbọ́n wá ńkọ́, níbo ni a ti ń rí i? Ní ẹsẹ̀ 14, ibú dáhùn pé kò sí nínú òun, òkun náà sì ní kò sí lọ́dọ̀ òun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka orí yìí, ẹsẹ̀ 28 tó ní ìbẹ̀rù Olúwa ni ọgbọ́n ni mo sì máa ń sáré lọ bá, bí ẹni tí ebi ń pa tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ 14 kò jẹ́ kí n kọjá.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni awakùsà ìgbà tiwa, kí Kristẹni kankan má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ní 1835, Auguste Comte, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ pé aráyé kò ní mọ ohun tó wà nínú ìràwọ̀ láéláé. Ní 1859, ní ìlú Heidelberg ní Jámánì, Kirchhoff àti Bunsen tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ àwọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn èròjà inú oòrùn láì kúrò níbi tí wọ́n dúró sí. Nítorí náà, kí oníwàásù tó bá fẹ́ sọ pé "èyí ni sáyẹ́ǹsì kò lè mọ̀ láé" kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Èmi gan-an ti sọ ọ́ rí lórí pẹpẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wálé. Àwọn baba wa béèrè ohun tó mú kí ọmọ máa wá kí ó sì máa lọ, wọ́n sì fi ìbéèrè náà sọ ọmọ lórúkọ: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Òmùgọ̀ kọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n abẹ ni wọ́n fi kọ ìdáhùn wọn sí ara òkú ọmọ, ìyá ọmọ tàbí arúgbó kan ní agboolé ni ó sì máa ń ru ẹ̀bi. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn; nígbà tó di 1956, Vernon Ingram ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú ibi tí ìyàtọ̀ náà wà. A ti wá mọ̀ pé nínú okùn kan tó ní ègé 146 nínú èròjà pupa náà, ẹyọ ìkẹfà ni ó yí padà. Ṣáájú rẹ̀, ní 1954, Anthony Allison ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ AS, ìyẹn ti ẹni tó gba àmì àìsàn náà lára òbí kan ṣoṣo, a máa dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le, ìyẹn ni irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ nílẹ̀ tiwa. N kò sọ pé gbogbo àbíkú ni èyí kàn, nítorí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru náà pa tiwọn. Síbẹ̀, ìdáhùn ni, ó sì bọ́ ẹrù ẹ̀sùn kúrò lórí ọ̀pọ̀ ìyá.

Nígbà náà, ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbi tí àwọn èèyàn ti ń sunkún, tí ẹ di Bíbélì mú lọ́wọ́ kan, tí ẹ sì ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí wọ́n wo ìyá àgbà inú ilé náà dáadáa, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ lọ bẹ màmá náà kí ọjọ́ ìsinmi tó pé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kàwé, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó dìde láàrin ilé, tó ń ka "AS àti AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ọmọ fi lè ní àìsàn náà" sétí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ bí ẹni ń ka iye gàrí, kò tilẹ̀ mọ ìṣirò náà tán, nítorí oyún kọ̀ọ̀kan ni ìṣirò ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọmọ mẹ́ta tí ara wọn le kò san gbèsè fún ìkẹrin. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ni ó bi í? Nígbà tí ènìyàn bá ké pé "Kí ló dé tó fi jẹ́ tèmi?", ìbéèrè méjì ló so pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, a sì ti rí ìdáhùn rẹ̀. Èkejì ń béèrè bóyá ayé kúkúrú tí ẹni náà gbé ní ìtumọ̀, àti ohun tó yẹ kí ẹni tó ṣẹ́ kù ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

David Hume ti ilẹ̀ Scotland, ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìjọ rárá, tọ́ka sí i ní 1740 pé àwọn èèyàn a máa fò láti "bí ó ṣe rí nìyí" bọ́ sí "bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyí" láìsọ afárá tí wọ́n gbà. Yàrá àyẹ̀wò lè wọn gbogbo ohun tó wà nínú omi Ọ̀ṣun. Pé ọmọ tó ń mu ún ṣe iyebíye ju wúrà lọ, àwa ni a gbọ́dọ̀ mú ìyẹn wá láti ilé. Ìwé jẹ́nótáìpù, ìyẹn àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, lè sọ AS. Kò lè sọ fún àwọn méjì tó fẹ́ràn ara wọn bóyá kí wọ́n pínyà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú ìwé náà tọ̀ mí wá.

Ẹnìkan lè fi Comte yẹn gan-an mú mi, kí ó ní sáyẹ́ǹsì yóò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ jìnnà ni. Ohun tí a lè wà bí kùsà ṣì ni. Ibú kò sọ fún Jóòbù pé, "Tún wà á sí i." Ó ní kò sí nínú òun.

Jóòbù tó sọ̀rọ̀ yìí pàdánù ọmọ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ méje tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀ ni ó dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Nígbà tí Ọlọ́run pàápàá dé, kò sọ ìdí fún un. Ó ṣáà wá bá a sọ̀rọ̀ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibú mọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀; èmi kò mọ tèmi lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Mo ní "Ọlọ́run ló mọ̀ jù" kí ẹkún tó rọlẹ̀, ẹni tí mo sọ ọ́ fún wò mí, kò sì fèsì. Mo ti padà lọ tọrọ àforíjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan. Ó pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, ó ṣan abọ́, ó sì lọ. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ ìjọ wa ni.

Olùṣọ́-àgùntàn yín.

Akọ̀wé ìjọ ní kí n má gbàgbé àwọn ìkéde: ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́rú di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nítorí iná mànàmáná. Kí àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó mú ìwé jẹ́nótáìpù wọn wá kí wọ́n tó lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti ra aṣọ ẹbí. Owó àtúnṣe òrùlé kò tíì pé. Ẹgbẹ́ obìnrin, kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ béèrè abọ́ tí a fi gbé oúnjẹ lọ sí ilé yẹn.